Bí Mo Ṣe Wa Ìjàpá Sọ̀kalẹ̀ Òkè Ẹ̀fọ̀n

Inú mi kì í dùn bí ọkọ̀ ẹlòmíì bá ya èmi sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mọ́tò tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ ni mò ń wà, ẹni tó bá sì fẹ́ kọjá lára mi, àfi kó múra gírí. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì tí a padà sílé ní Aramọkọ, Ọlọ́run fi Ìjàpá bá mi wí.

Ìjàpá ni gbogbo wa ń pe mọ́tò kékeré àtijọ́ yẹn, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn. Ọkọ mi ti ra tirẹ̀ kó tó fẹ́ mi. (Nínú ìwé nìkan ni mo ti lè máa pè é ní “ó” o. Lójú rẹ̀, “ẹ” ni.) Inú Ìjàpá yìí la gbé àwọn ọmọ wa sí láti ilé ìwòsàn wálé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń nù ún, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ti jowú rẹ̀ rí, kí n má purọ́.

Àfi ìgbà tí àìsàn ojú dé, irú èyí tó máa ń jí ìríran gbé díẹ̀díẹ̀ láìro ni. Ó gba ojú òsì ọkọ mi pátápátá. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Iléṣà ní kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Ojú ọ̀tún ló kù, òun ni gbogbo ilé sì ń gbàdúrà lé lórí. Bí mo bá bi í léèrè, á ní, “Ó ń ríran kedere.” Mo gbà á gbọ́, torí pé mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò ojú ọ̀tún yìí ku díẹ̀, ó ní Ìjàpá ni yóò gbé òun lọ sí Iléṣà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun kò lọ. Mo bínú, mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bínú. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ ṣe? Èmi ni mo jókòó sídìí síárìn, òun sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ọ̀gá, ó ń kọ́ mi ní jíà ọlọ́wọ́ lójú ọ̀nà Ìjerò láràárọ̀.

Ẹ ó mọ àṣà àwọn awakọ̀ wa níbí. Bí wọ́n bá ti dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọn á yọ jíà sí fìrì, ọkọ̀ á máa yọ̀ lọ fúnra rẹ̀, epo á sì ṣẹ́kù. Èmi náà ṣe é. Ariwo ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, inú mi dùn pé mo ti di ògbólógbòó.

“Ta ló kọ́ ẹ nírú eléyìí?” Ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. “Dá a padà sí jíà! Bíréèkì àtijọ́ ni ti Ìjàpá. Bí o bá ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá, á gbóná, kò sì ní mú nǹkan kan mọ́. Ẹ́ńjìnnì ni kó máa dì í mú. Jíà tí o bá fi gun òkè, òun ni kí o fi sọ̀.”

Ti márosẹ̀ tún yàtọ̀. N kò gbọdọ̀ sáré kọjá àádọ́rin. Kí n jìnnà sí ẹni tó wà níwájú mi, torí Ìjàpá kì í tètè dúró. Bí tirela bá sì ń bọ̀ lẹ́yìn, kí n yà bàrá, kí n jẹ́ kó lọ.

“Kó lọ bí i ti báwo?”

“Ulé la ń lọ,” ló fi èdè ilé wa wí. “Éè ṣe ìdíje.”

Àwọn ọlọ́kadà oríta wa kò jẹ́ kó tán síbẹ̀. “Ìyàwó Ìjàpá,” ni wọ́n ń pè mí, “ṣé àná lẹ ti gbéra?” Mo dá wọn lóhùn. N kò ní kọ ohun tí mo sọ síbí.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, oòrùn sì yọ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo nǹkan mọ́ rekete. A gun òkè Ẹ̀fọ̀n wọ́ọ́rọ́wọ́, Ìjàpá ń kùn lẹ́yìn wa. Bí a ti dé ibi tí ọ̀nà ti máa ń dorí kodò, ọkọ mi tẹ̀ síwájú lórí àga.

“Ìkùukùu ti bo òkè,” ló wí.

Mo wo iwájú. Kò sí ìkùukùu kankan. Mo ń rí igi orí òkè ọ̀ọ́kán lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Àbí kò bò ó?” Ohùn rẹ̀ kéré.

Dókítà kò tíì fọwọ́ kàn án, èmi ti mọ̀. Mo ní, “Ó bò ó, bàbá wọn. Ó ṣú gan-an.”

“Tan iná, kí wọ́n lè rí wa. Rọra.”

Mo tanná lójú oòrùn gbangba. Mo fi í sí jíà kejì, mo ń sọ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ ń ṣẹ́ná sí wa, àwọn awakọ̀ ń pa ìka dé, wọ́n ń là á, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó gbàgbé iná. Ẹnì kan tilẹ̀ yọrí, ó ké sí mi, “Màmá, iná yín o!”

“Kí ló wí?”

“Ó ń kí Ìjàpá ni.”

Tirela kan dé ẹ̀yìn wa, mo yà bàrá fún un. Òmíràn dé, mo tún yà. Kò dùn mí rárá. Omijé ń bọ́ lójú mi, mo sì ń yára nù ún, torí ojú tèmi nìkan ló ń wo ọ̀nà fún àwa méjèèjì.

Nígbà tí a sọ̀ délẹ̀, ó na ọwọ́, ó ń wá ọwọ́ mi kiri lórí jíà, ó sì gbé tirẹ̀ lé e.

“Ìyá wọn,” ló wí, “pa iná náà. Oòrùn ti ń jó mi lápá láti orí òkè.”

Mo pa á. Iléṣà ṣì kù níwájú.