Baba Ṣeminé Tó Gbógun Ti Èéfín

Ní ìlú Bantè, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ézéchiel, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ògo sọ̀kalẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rín. Àríyìkẹ́, opó rẹ̀, ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu oríṣiríṣi èèyàn, kò sì sí èyí tó sọ ọ́ tán kí ẹ̀rín tó gbà á lẹ́nu. Òun alára kì í lè sọ ọ́ tán.

Ọjọ́ Ìsinmi ni. Ilé ìjọsìn àwọn aláṣọ funfun kún fọ́fọ́, gbogbo wọn ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, Ézéchiel sì wà láàárín wọn nínú sutáànì rẹ̀ tó funfun báláú. Ní ilé tó kángun sí ibẹ̀, Àríyìkẹ́ ń yan gàrí. Kì í bá wọn lọ sí ìjọ yẹn. Ó ní Ọlọ́run mọ ọ̀nà ilé ìdáná òun. Bí olùṣọ́-àgùntàn ṣe gbọ́wọ́ sókè pé kí ògo Olúwa sọ̀kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìkùukùu funfun bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́yìn pẹpẹ.

"Ó ti dé! Ó ti dé o!" ni ìyá àgbà kan ké.

Gbogbo ìjọ dojú bolẹ̀. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń yí gbiri nílẹ̀, ìkùukùu náà sì ń pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, olùṣọ́-àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ láàárín halelúyà kan sí èkejì, ojú sì ń ta tọmọdé tàgbà. Ézéchiel nìkan ló ṣì dúró, tó ń fi imú wá nǹkan kiri.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde. Ògo kọ́. Gàrí ìyàwó mi ni."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní àná ọjọ́ náà, Ézéchiel ti la àgbá epo, ó ká a di ọ̀pá gbọọrọ, ó sì fi gba èéfín jáde nínú ilé ìdáná. Ṣeminé ló pè é, bí àwọn tó gbọ́ Faransé ṣe ń pè é. Àlàfo tóóró kan wà láàárín ògiri ilé rẹ̀ àti ti ìjọ, ibẹ̀ ló ní kí èéfín máa gbà lọ sókè ọ̀run. Ó gbàgbé pé àwọn ará ìjọ ti fi páánù bo òkè àlàfo yẹn nítorí òjò, òun fúnra rẹ̀ ló sì bá wọn kan ìṣó rẹ̀. Èéfín kò rí ọ̀nà ọ̀run, ó bá gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn pẹpẹ wọlé. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, kò gbà pé òun jẹ̀bi. Ó ní afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ bọ̀ láti ìlú Akpassi ló ṣi èéfín lọ́nà. Wọ́n ní kó máa gbálẹ̀ ìjọ títí afẹ́fẹ́ yóò fi wá tọrọ àforíjì. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ Baba Ṣeminé ti mọ́ ọn lórí.

Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ló ń ṣe lẹ́bàá ọ̀nà. Kí ló wá gbé atúnkẹ̀kẹ́ṣe dé ìdí ààrò? Ojú Àríyìkẹ́ ni.

Ní ọdún 1979, ojú náà ń pọ́n, ó ń ṣomi, bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá sì ti lé, kì í dá ẹni tó ń kí i mọ̀ mọ́. Ézéchiel gbé e sẹ́yìn alùpùpù, ó di Savalou. Dókítà tó yẹ ojú náà wò ń sọ Faransé, Ézéchiel ń túmọ̀.

"Ó ní kí o jáwọ́ nínú èéfín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú yìí yóò fọ́."

"Ṣé ó dárúkọ gàrí?"

"Èéfín ló ní."

"Mo ní, ṣé ó dárúkọ gàrí, Bàbá Nathanaël?"

"Kò dárúkọ gàrí."

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà gidi ni."

Ézéchiel gbé e padà sọ́nà ilé títí wọ́n fi dé Gouka. Ibẹ̀ ló ti dá alùpùpù dúró lábẹ́ igi òrí kan. Ó ní, "Ṣé o kò ní fi gàrí sílẹ̀ lóòótọ́?"

Àríyìkẹ́ ní, "Gàrí ni mo fi tọ́ ọmọ. Òun ni wọ́n fi mọ̀ mí lọ́jà Savalou. Bí ojú bá fẹ́ lọ, kó máa lọ. Kí orúkọ ṣá má bàjẹ́."

Ọkọ rẹ̀ tún gun alùpùpù. Ó ní, "Kò burú. Bí o kò bá fi èéfín sílẹ̀, èéfín ni yóò fi ọ́ sílẹ̀."

Àríyìkẹ́ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi délé. Ọkùnrin tí kò lè se omi lásán ló fẹ́ kọ́ iná ní ẹ̀kọ́!

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Àríyìkẹ́ ti bá a nínú ilé ìdáná, tó ń fi okùn wọn ààrò.

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀ yẹn?"

"Àwọn òkúta yìí ni mo fẹ́ yọ."

"Èèwọ̀! Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ìyá mi ló fi wọ́n lé mi lọ́wọ́."

"Kì í da ọbẹ̀ nù lóòótọ́," ni Ézéchiel wí. "Ojú aya mi ló ń dà nù."

Àríyìkẹ́ yíjú sí ààrò. Ó bá ti igi tútù bọ iná, ọkọ rẹ̀ sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni ogun náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Jimoh, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta epo ọkọ̀ àti epo àtùpà, ni Ézéchiel ti ń wá àgbá. Kì í sì í wá èyí tó dára, nítorí èyí tó dára wọ́n.

"Ọ̀gá Jimoh, àgbá tó ń jò ni mo fẹ́."

"Kò sí àgbá tó ń jò lọ́dọ̀ tèmi. Wọ́n ń bú mi ni?"

"Yóò jò lọ́jọ́ kan."

"Kò ní í jò láéláé, lágbára Ọlọ́run."

"Mo lè dúró dè é."

Ó gbé àpótí síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó. Gbogbo ẹni tó bá wá ra epo àtùpà ló ń bá sọ̀rọ̀ pé kò ní í pẹ́ mọ́, láti inú oòrùn ni iná yóò ti máa wá, lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn elépo yóò sì lọ máa ta ẹ̀pà. Àwọn oníbàárà ń dúró gbọ́, wọ́n ń gbàgbé ohun tí wọ́n wá rà. Jimoh fara dà á, fara dà á, ó sú u. Ó mú ìṣó, ó mú òòlù, ó lu àgbá tuntun kan níhò lójú gbogbo wọn.

"Ó ti ń jò," ó ní. "Gbé e, jọ̀ọ́, kí o máa lọ sílé."

Lẹ́yìn tí ṣeminé àkọ́kọ́ ti da ìjọ rú, ọ̀rọ̀ igi tún wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Lọ́dọọdún ni igi ń jìnnà sí ìlú, àwọn obìnrin sì ń rù ú láti ọ̀nà jíjìn. Ó rí i pé àwọn tó ń yan kajú ní Akpassi ń da èèpo rẹ̀ nù. Ó lọ kó o sínú àpò. Àwọn obìnrin ibẹ̀ kìlọ̀ fún un pé epo inú èèpo kajú máa ń jẹni lára. Ó dáhùn pé epo náà gan-an ni òun ń wá. Ó kó èèpo sínú iná, ó sì tẹjú mọ́ ẹnu ààrò kó lè gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ètè rẹ̀ ti wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wú, imú ti gba gbogbo ojú. Ó ṣáà tiraka lọ sẹ́nu iṣẹ́. Jimoh gbé alùpùpù wá fún àtúnṣe, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, àlejò. Ẹni tó ń tún un ṣe níbí kò tíì dé ni?"

"Èmi nìyí," ni Ézéchiel wí láàárín ètè.

"Kò burú," ni Jimoh wí, ó fa àpótí, ó jókòó. "A ó jọ dúró dè é."

Òrí ni Àríyìkẹ́ fi ń pa á lójú títí wíwú náà fi rọlẹ̀. Ó ń pa á, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Nígbà tó bi í pé kí ló fà á, ọkọ rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ Akpassi ni.

Ààrò tó tún mọ lẹ́yìn ìyẹn kò léèéfín rárá. Ó yọ̀, ó jó. Ó wá ku gàrí. Wàsílátù tó máa ń wá rà á láti Savalou bu díẹ̀ sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wojú Àríyìkẹ́.

"Ìyá Nathanaël, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Gàrí tó ń pariwo lẹ́nu tẹ́lẹ̀ ló dákẹ́ báyìí?"

Ojú ti Àríyìkẹ́ dé egungun. Bí Wàsílátù ṣe yíjú báyìí, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó ṣí apẹ̀rẹ̀ tó fi bo òkúta ààrò ìyá rẹ̀ láti ìgbà tí ààrò tuntun ti dé, ó gbé wọn padà sílé. Nígbà tí Ézéchiel ti ìjọ dé, èéfín ti gba gbogbo ilé. Kò jà, kò sì pariwo. Ó wọlé pẹ̀lú sutáànì funfun, ó jókòó tì í nínú èéfín náà.

"Ẹ dìde, ẹ̀wù yín ń dúdú."

"Jẹ́ kó dúdú."

"Ẹ ń wúkọ́!"

"Bí ojú tìrẹ yóò bá fọ́, kí tèmi ṣáájú," ó ní. "N kò fẹ́ ríran kí n máa wo bí o ṣe ń táràrà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àríyìkẹ́ lára ṣinṣin. Ó da omi sí iná. Ìgbà náà ló wá fi ojú oníṣẹ́ wo ààrò ọkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fi ọwọ́ tọ́ ọ níwájú, ó tọ́ ọ lẹ́yìn.

"Iná yín kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé," ó ní. "Ó ń kọjá lọ sínú ṣeminé láì kí agbada. Ẹ dí i lọ́nà. Ẹ fi amọ̀ gbé ilẹ̀ rẹ̀ ga lẹ́yìn, kó lè kí i kó tó máa lọ."

Àwọn méjèèjì jọ po amọ̀ òkìtì ikán mọ́ koríko gígé àti ìgbẹ́ màlúù, wọ́n jọ mọ ọ́n. Ṣùkù àgbàdo ni wọ́n ń kó sí i, ìwọ̀nba igi ló sì ń jẹ. Ọ̀pá èéfín yọrí gbangba sókè òrùlé. Olùṣọ́-àgùntàn fúnra rẹ̀ wá wo ibi tí ẹnu rẹ̀ kọ sí kó tó gbàdúrà sí i. Nígbà tí gàrí rẹ̀ jáde, Wàsílátù bù ú sẹ́nu, ó pariwo kàrà.

"Ẹni tó kú ti jí," ó ní.

Ojú Àríyìkẹ́ kò burú sí i mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni omi rẹ̀ gbẹ, tí pípọ́n rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé oúnjẹ wá fún ọkọ rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọn títí ó fi da ọkùnrin náà láàmú.

"Bàbá Nathanaël, ṣé bí imú yín ṣe rí látọjọ́ yìí nìyí?"

Nígbà tó fi máa di ọdún 1986, àwọn obìnrin Koko àti Akpassi ti ń ránṣẹ́ pè é pé kó wá mọ tiwọn. Ọ̀gbẹ́ni kan gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá, ó ní rédíò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tó ń gba igbó là. Kámáràdì ló ń pe gbogbo èèyàn, bí ìjọba ayé ìgbà náà ṣe fẹ́.

"Kámáràdì, kí ló mú yín ronú kan ààrò yìí?"

"Ojú ìyàwó mi."

"Ṣé kì í ṣe nítorí igi?"

"Igi wo? Èmi kò fẹ́ igi níyàwó."

"Kámáràdì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà dárúkọ igi."

"Kò burú. Igi náà lè jàǹfààní. Ṣùgbọ́n Àríyìkẹ́ ni mo ṣe é fún."

Àwọn ará àdúgbò hó yèè. Àríyìkẹ́ fi ìborùn bojú, ó sá wọ yàrá. Níbo ni wọ́n ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níta gbangba? Ṣùgbọ́n kò yé rẹ́rìn-ín nínú yàrá náà. Nígbà tí rédíò gbé e jáde, igi nìkan ni wọ́n gbọ́. Ézéchiel nàka sí rédíò, ó ní, "Òpùrọ́! Orúkọ ìyàwó mi dà?"

Ní ìgbà ọyẹ́ ọdún 1989, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Àríyìkẹ́ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyá Nathanaël, ṣé ò ń rí mi?"

"Mò ń rí yín."

"Dáadáa?"

"Títí dórí imú yín."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sùn. Kò jí mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ọ̀fọ̀ pé, Àríyìkẹ́ padà sídìí iṣẹ́. Wàsílátù ti Savalou wá láti bá a jókòó, ó bá a jọ gàrí, ó bá a kóná. Àríyìkẹ́ gbé agbada kaná, ó mú igbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro gàrí. Bó ṣe ń rò ó ni omi ń dà lójú rẹ̀ wìrìwìrì.

"Kí ló dé?" ni Wàsílátù bi í.

"Èéfín ni."

Wàsílátù wo ẹnu ààrò, ó wo òkè àjà, ó wo gbogbo ilé ìdáná náà. Ó mọ́ tónítóní.

"Èéfín wo, ọmọ ìyá mi?"

Àríyìkẹ́ wo òkè, òun náà kò rí nǹkan kan. Ni ẹ̀rín bá já lu ẹkún lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ wo ohun tí ọkùnrin yìí fojú mi rí," ó ní. "Gbogbo rẹ̀ pátá ló kó lọ. Kò tiẹ̀ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mi tí n ó fi purọ́."