Búrẹ́dì Òkú Kì í Padà Kọjá Afárá

Kí bọ́ọ̀sì tó kúrò ní ìlú Pernik ni orúnkún Nevena ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Tọ̀tún ló kọ́kọ́ ké, tòsì dá a lóhùn, nígbà tí wọ́n sì fi máa dé ibi tí wọ́n ti ń wa èédú láyé àtijọ́, méjèèjì ti ń bá ara wọn díje. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń fọ abọ́ ní ilé ìdáná iléèwé kan, ẹni tó bá sì ti dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nídìí omi gbígbóná kò nílò dókítà kó tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ náà ń darúgbó. Àpò ńlá kan wà lórí itan rẹ̀: búrẹ́dì márùn-ún, ìkòkò ẹ̀wà kékeré kan, ìgò wáìnì kan, àti abọ́ àlìkámà tó sè ní ìdájí, tó fi ṣúgà àti awùsá lílọ̀ bo orí rẹ̀. Sàráà ìyá rẹ̀ ni. Sátidé àwọn òkú ni ọjọ́ náà, ní oṣù kọkànlá, òjò wẹliwẹli sì ń rọ̀ bí ẹni pé kò níbòmíì tó ń lọ.

“Màmá Nevena,” ni Plamen awakọ̀ wí láti iwájú, “àpò yìí mà ti tóbi jù yín lọ. Ṣé gbogbo ìlú lẹ fẹ́ bọ́ ni?”

“Ìlú wo? Abúlé tó ṣẹ́kù bí eyín arúgbó, òun lò ń pè nílùú.”

“Ẹ já búrẹ́dì kan fún mi nínú ẹ̀ nígbà náà.”

“O ò mọ ìyá mi. Wa ọkọ̀ ẹ.”

“Ẹ má bínú. Láàárọ̀ yìí nìkan, mo ti jẹ ti òkú méje. Mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún mọ́.”

Nevena rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Ó ti tán nìyí. Ìgbà tí mo máa wá kẹ́yìn nìyí.”

“Ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn.”

“Irọ́ ni mo pa lọ́dún tó kọjá.”

Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe irọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ọjọ́ méjì lè wò. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní Spéènì, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ẹlòmíì. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Kò sí ẹni tí yóò bá a gbé ọwọ́ àpò kejì. Ó kàn fẹ́ kí ti òní yìí bọ́ sí i, kí ẹnì kan jẹ oúnjẹ ìyá òun, kí òun sì padà lọ gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù.

Ní Vrabchevo, abúlé ìyá rẹ̀ tó ń lọ yìí, òfin sàráà kò ta kókó. Ẹni tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ òkú ni yóò gba búrẹ́dì, yóò jẹ níbẹ̀ náà, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé kí Ọlọ́run dárí ji lágbájá. Bí kò bá sọ ọ́, oúnjẹ lásán ló jẹ. Búrẹ́dì tí kò bá rí olùgbà, tó tún inú àpò padà kọjá afárá abúlé, òkú lẹ fi ebi pa. Tona, ìyá Nevena, mọ èyí dáadáa. Lórí bẹ́ẹ̀dì ní Pernik, ní ọdún méje sẹ́yìn, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú: “Má jẹ́ kí búrẹ́dì mi padà sílé o. Ẹni tó mọ̀ mí ni kó jẹ ẹ́. Àjèjì ò mọ orúkọ tó ń pè.”

Tona sọ nǹkan mìíràn lọ́sẹ̀ yẹn tí Nevena kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Bá mi pe Stamena lórí fóònù. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́.” Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Nevena ń wọ bàtà iṣẹ́ lọ́wọ́, ó ní, “Ó dọ̀la, Màmá.” Ní Ọjọ́rú, ó pẹ́ kó tó dé, ó sì rẹ̀ ẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ní kó dọ̀la. Nígbà tí ọ̀la yẹn fi dé, ohùn Tona ti lọ, kò sì padà wá.

Stamena ni aládùúgbò wọn, ọgbà kan ló là wọ́n láàárín. Ọkọ Stamena ló gbin igi awùsá kan sí ààlà. Kì í ṣe awùsá tiwa tó ń fà mọ́ igi o, igi gidi ni, tó ń gbé òjìji bo ilẹ̀ bí àjà ilé. Òjìji náà bo oko tòmátì Tona, wọ́n sì fà á títí ó fi sú wọn. Lọ́dún tí ọkọ Stamena kú, Stamena fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. Kó tó dé, Tona ti san owó fún ọkùnrin kan tó ní ayùn, ó ti gé igi náà lulẹ̀. Stamena dúró níwájú kùkùté náà, ó ní títí ayé, ẹnu òun kò ní tọrọ ìdáríjì Ọlọ́run fún Tona, ì báà jẹ́ láàyè, ì báà jẹ́ ní sàréè. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ẹ ò rí i pé ìkà ni Tona ṣe? Ìkà ni. Nevena náà mọ̀.

Plamen já a sílẹ̀ lẹ́bàá afárá ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. “Aago méjì ni mo máa padà o, Màmá. Mi ò ní lè dúró.”

Ó gun òkè itẹ́ òkú, ó ń sinmi ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bí ọjọ́ bí irú èyí bá dé, ariwo àwọn obìnrin ni wàá ti máa gbọ́ láti ìsàlẹ̀: gba tèmi, jẹ́ n gba tìrẹ, Ọlọ́run dárí ji èyí, Ọlọ́run dárí ji tọ̀hún, àwọn ọmọdé á sì jẹ títí inú á fi run wọ́n. Lónìí, ẹyẹ ìwò méjì ló wà níbẹ̀. Ó tu koríko orí sàréè, ó da wáìnì díẹ̀ sílẹ̀ ní ìrísí àgbélébùú, ó tan àbẹ́là. Òjò pa á. Ó tún un tàn, òjò tún pa á. Ó sọ fún òjò pé kó má bínú, ó jókòó sórí etí òkúta, ó sì ń retí ẹni tí yóò wá.

Ẹni tó wá ni Gelo, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, pẹ̀lú abọ́ ike kan tó fi ẹ̀wù òjò bò. Búrẹ́dì sàráà ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ló gbé wá.

“Nevena! Mo ti rò pé èmi àti àwọn ẹyẹ yìí la máa ṣe é. Gbà, jẹ ẹ́, Kera ló ni ín.”

Nevena gbà á, ó bù ú jẹ. “Kí Ọlọ́run dárí ji Kera.”

“Àmín. Tèmi ti bọ́,” ni Gelo wí, ó nu imú. “Tìrẹ ńkọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè gba tèmi. Ẹ̀jẹ̀ ni yín.”

“Mo mọ̀. Mo kàn ń wo ẹ̀wà yẹn ni.”

“Vasa tó máa ń gbà á ńkọ́?”

“Vasa? Ẹsẹ̀ rẹ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ yẹn. Oṣù keje ló lọ.”

Nevena yẹ ẹsẹ̀, ó rí yẹ̀pẹ̀ tuntun náà. “Olúwa o. Tíṣà abúlé ńkọ́?”

“Ọmọ rẹ̀ ti gbé e lọ sí Sofia. Àjà kẹsàn-án ló wà. Ó pè mí, ó ní òun ń rí orí àwọn ẹyẹlé láti òkè.”

“Ta ló wá kù báyìí?”

Gelo na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀. “Ka èéfín. Méjì ni. Ọ̀kan tèmi. Ìwọ náà mọ ẹni tó ni ìkejì.”

“Mi ò lọ síbẹ̀.”

“Má lọ nígbà náà. Fún ajá mi. Ó mọ ìyá rẹ dáadáa, ó bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan.”

“Ẹ̀gbọ́n Gelo!”

“Kí lo fẹ́ kí n sọ? Ìyá rẹ ni Stamena ń bá jà. Ìwọ, kí lo ṣe fún un?”

Nevena di àpò rẹ̀ padà. Ohun tó ṣe fún Stamena gan-an ló ń lé e kiri láti ọdún méje. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó bá ti ń wá, ọ̀dọ̀ Vasa tàbí tíṣà ló máa ń sáré lọ, tí yóò gba ẹ̀yìn ilé padà kí Stamena má baà rí òun. Ẹni tó ń sá fún gbèsè ọ̀rọ̀ ń gba ọ̀nà jíjìn ni.

Ó ṣì tún gbìyànjú. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn kiri bí ẹni tó ń ta ọjà tí kò tà. Àgádágodo ní ibí, èèsìsì tó ga dé ojú fèrèsé ní ọ̀hún, ilé kan tí òrùlé rẹ̀ ti wó lu bẹ́ẹ̀dì. Ó mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni, ó sì ń kàn án síbẹ̀. Nígbà tó fi di aago kan, ọwọ́ rẹ̀ ti kú, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti fa omi, sùúrù rẹ̀ sì ti tán, pàápàá pẹ̀lú ara rẹ̀. Ó ṣí géètì Stamena.

Ìyá àgbà náà jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ó ń ṣa àlùbọ́sà sọ́tọ̀, èyí tó ti ń jẹrà lápá kan, èyí tó yè lápá kejì. Kò gbé ojú sókè.

“Ọmọ Tona. Ọdún méje lo fi ń gba ẹ̀yìn ilé mi kọjá bí olè adìẹ. Ṣé ọ̀nà ibẹ̀ ti bàjẹ́ ni?”

“Ẹ káàsán, Ìyá Stamena.”

“Ọ̀sán wo? Ṣé o rí oòrùn ni? Kí ló wà nínú àpò yẹn?”

“Sàráà ìyá mi ni, mà.”

“Àwọn adìẹ wà lẹ́yìn. Dà á fún wọn.”

Nevena jókòó sórí bẹ́ǹṣì láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ẹsẹ̀ ló pinnu, kì í ṣe òun. “Kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n mọ́, mà. Ẹ̀yin nìkan ló kù.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ìyẹn gan-an ni ò jẹ́ kí n jẹ ẹ́. Bó bá fẹ́ kí n dárí ji òun, ṣebí ó lẹ́nu? Ọdún mélòó ló fi wà níbi tí ohùn rẹ̀ ti lè dé etí mi? Kò sọ ‘Stamena, jọ̀ọ́’ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.”

“Ó sọ ọ́.”

Ọwọ́ Stamena dúró lórí àlùbọ́sà.

“Lọ́sẹ̀ tó kú. Ó ní kí n pè yín lórí fóònù, òun fẹ́ bẹ̀ yín. Mo ní ó dọ̀la. Mò ń lọ síbi iṣẹ́, mà. Ó tún sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ó rẹ̀ mí, mo ní ó dọ̀la. Ó tún sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ni. Kì í ṣe òun.”

Stamena gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Ọjọ́ wo ni?”

“Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀.”

“Mo wà nílé,” ni Stamena wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ti kéré. “Gelo ti sọ fún mi pé ara rẹ̀ ò yá. Mo gbé àga sún mọ́ fóònù. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò jáde. Mo ní, bó bá pè, màá kọ́kọ́ bú u, màá wá gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Mo ti to èébú náà sílẹ̀. Mo wà nílé, Nevena.”

Nevena bo ojú. Omijé tí kò rí àyè sun nígbà ìsìnkú ló tú jáde báyìí, láìní ìtìjú, ó sì ń fi etí ìborí tútù nù ún. Stamena kò ní kó dákẹ́. Ó dìde pẹ̀lú ọ̀pá, ó wọlé, ó mú ṣíbí kan jáde. Ó ṣí abọ́ àlìkámà fúnra rẹ̀. Ó wo awùsá orí rẹ̀ títí.

“Ta ló ni awùsá yìí?”

“Ọjà ni mo ti rà á, mà.”

“Ó korò díẹ̀,” ló wí lẹ́yìn tó jẹ ṣíbí kan. Ó tún bù ú. Ó já búrẹ́dì, ó jẹ, ó gbé e mì pẹ̀lú ìnira. Lẹ́yìn náà, ó sọ ọ́ ketekete, bí ẹni tó ń gbé ẹrù sílẹ̀: “Kí Ọlọ́run dárí ji Tona.”

“Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an—”

“Má tíì dúpẹ́.” Ó na ṣíbí sí i. “Ti Tona ti tán. Tìrẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹnu mi ò tíì lè gbé ìdáríjì tìrẹ. Lọ́dún tó ń bọ̀, kó o wá.”

“Ìyá, orúnkún mi… Mo ti sọ pé èyí ló kẹ́yìn.”

“Kó o wá, mo ní. Gba iwájú ilé. Bí mo bá wà, a ó sọ ọ́. Bí mi ò bá sí, mi ò bímọ, ìwọ náà mọ̀. Nínú àwọn tó kù, ta ló tún mọ̀ mí tó máa gbé sàráà mi wá?”

Fèrè bọ́ọ̀sì dún lẹ́bàá afárá, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Nevena to búrẹ́dì mẹ́rin tó kù sórí tábìlì pẹ̀lú ẹ̀wà náà, ó di ògiri mú, ó dìde. Ó ní òun á wá.