Ẹni Tó Bá Yan Ṣáàfù

Bí mo bá ti gbọ́ tí ẹnìkan ń fọ́nnu, ohùn ọ̀gá mẹkáníìkì wa ní àdúgbò Pedro ló máa ń dún sí mi létí: "Ó dáa. Wọlé."

Mọ́tò eré ìje là ń ṣe. Òfin ọ̀gá ni pé ẹni tó bá yan ṣáàfù, ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà ẹ̀yìn, ni yóò jókòó ti awakọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò.

Mo pariwo pé, "Alumíníọ̀mù ni ká yàn, sà! Ó fúyẹ́, mọ́tò á fò!"

"Ó dáa. Wọlé."

Mo wo abẹ́ àga, ibi tí ṣáàfù ń gbà kọjá; bó bá ṣẹ́, òkè ló máa gbà. "Ẹ̀yin ni kí ẹ yàn án, sà."

"Ìdí ẹ gbọ́n ju ẹnu ẹ lọ."

Ó yan irin, ó wọlé, ó de bẹ́líìtì, ó dijú. Ó ní "Bísímílà," ó tún fi "Jésù!" lé e.

Mo ní, "Ọ̀gá, a ò tíì sítáàtì mọ́tò o."