Aṣọ Tó Wà Nínú Táyà

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, obìnrin náà á ti gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde láti pálọ̀. Gbígbé ló ń gbé e, kì í yí i nílẹ̀, kí ariwo rẹ̀ má bàa jí ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kì í sì í sùn. Á dùbúlẹ̀, á máa gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe ń rọra padé, á wá máa fi ọkàn bá a lọ: iwájú ilé, ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, afárá kékeré, lẹ́yìn náà kọ́nà tó wà nísàlẹ̀ táńkì omi. Tí ọkàn rẹ̀ bá dé kọ́nà yẹn, kì í lè kọjá. Ibẹ̀ ló máa ń dúró sí títí ilẹ̀kùn á fi tún dún.

Níbẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ṣubú sí lọ́dún tó kọjá. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dán bí awọ ejò ló wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, eegun èjìká obìnrin náà sì kán. Fún ìgbà pípẹ́, ọkọ ló ń bá a wọ aṣọ. Òun náà ló ń bá a ya irun, ó sì ń yà á wọ́ bí ọ̀nà oko. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í, obìnrin náà sọ̀rọ̀ látorí ibùsùn.

“Tí mo bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré, mi ò ní gùn ún mọ́.”

Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹyin lohùn. Ó ti balẹ̀.

Yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Irin roboto méjì wà níbẹ̀ tó gùn ju ènìyàn lọ, tí wọ́n gbóná, tí wọ́n sì ń yí lọ lára wọn látàárọ̀ dalẹ́. Òun ló ń fi aṣọ ibùsùn sí àárín wọn. Á wọlé ní rírún, á jáde ní títẹ́jú. Kó tó fi èyíkéyìí síbẹ̀, á kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Aṣọ tó bá tutù jù á máa lẹ̀ mọ́ irin. Èyí tó bá sì gbẹ jù, kò sí irin tó lè mú rírún ara rẹ̀ kúrò mọ́. Ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀rinrin díẹ̀ nínú. Kò sí ẹni tó lè sọ bí díẹ̀ náà ṣe tó. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Ooru funfun máa ń kún yàrá náà débi pé ohùn ènìyàn á dà bí ohùn tó ń ti abẹ́ omi bọ̀. Nínú ooru yẹn ni ọkàn rẹ̀ ti máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gba aṣọ lódìkejì ló sọ ọ́ ní Ológeere.

“Ológeere, o ti tún lọ.”

“Mo lọ síbo?”

“Èmi ni mo máa mọ̀? Ṣé èmi lo gbé sẹ́yìn ni? Jọ̀ọ́, tí o bá ń bọ̀, bá mi ra bisikíìtì bọ̀.”

Ibi tó ń lọ ni adágún omi kan tó wà lẹ́yìn àwọn òkè. Tí òjò ọdún bá ti dáwọ́ dúró, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń gun kẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ Sátidé máa ń gùn ún débẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n lọ láìsí i níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní kùrukùru bo omi náà mọ́lẹ̀, àwọn ẹyẹ sì ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí omi lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ó gbọ́ ọ látorí ibùsùn. Láti ìgbà náà ló ti ń lá a lálàá, lójú oorun àti lójú ayé.

Ṣùgbọ́n òkè kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gùn lójijì. Ẹni tó bá dúró de ẹ̀ẹ̀rùn kó tó bẹ̀rẹ̀ ìdárayá, ìdí òkè ni yóò ti máa wo ẹ̀yìn àwọn yòókù. Inú òjò lèèyàn ti ń múra sílẹ̀ de adágún. Òjò ló sì gbé e ṣubú.

Ìdí nìyí tó fi lọ sọ́dọ̀ onítáyà.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá náà ṣókùnkùn. Láti òkè àjà ni àwọn táyà ti rọ̀ sílẹ̀, ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ pín wọn bí aṣọ ẹnu ọ̀nà kó tó rí ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, obìnrin náà ò wo ohunkóhun. Ó kàn ní kó fún òun ní èyí tí kì í tán, tí ìgò ò lè lu.

“Èyí nìyẹn,” ni bàbá náà wí, ó gbé táyà kan tó nípọn sílẹ̀, ó dún gbì. “Àwọn ọmọ ọmọ rẹ ni yóò jogún rẹ̀.”

Lóòótọ́, kò lu. Ilẹ̀ ò sì jẹ ẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n títì tó máa ń bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ yadi pátápátá. Ó ń wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń ti ọlọ gun òkè. Àlá ò wá mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lórí ọ̀dà funfun tí wọ́n fi sàmì ibi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń sọdá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà yọ̀ bí ọṣẹ. Ó gba kẹ̀kẹ́ padà kó tó ṣubú. Àyà rẹ̀ ò padà títí ó fi délé.

Ó dá táyà náà padà fún bàbá.

“Ó ti tán ni?”

“Kò tán, Bàbá. Kò lè tán. Òun gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. “Mo mọ̀ pé wàá padà wá. Rọ́bà tí kò bá fẹ́ kí ilẹ̀ jẹ òun, kì í jẹ́ kí ilẹ̀ di òun mú. Ẹ̀rù ló wá ra ọjà lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ gan-an ò tíì wá.”

Ó to táyà mẹ́ta kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yìn wọ́n. Èyí wà fún ìdíje. Èyí wà fún ọ̀nà olókùúta. Èyí ń gba òjò, ó ń gba oòrùn. Obìnrin náà kọ́kọ́ ń gbọ́. Nígbà tó yá, kò gbọ́ mọ́. Ó mú ọ̀kan, ó yí inú rẹ̀ síta bí ó ṣe máa ń yí aṣọ ìrọ̀rí láti wá àbàwọ́n. Ó gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ó wò ó pẹ́.

“Aṣọ ni.”

“Kí ló jẹ́ aṣọ?”

“Aṣọ ló wà nínú rẹ̀, Bàbá.”

“Aṣọ ni kẹ̀! Kí lo rò pé ó so ó pọ̀? Àdúrà?”

Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń gun kẹ̀kẹ́, kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Òwú ni, tí wọ́n tẹ́ lórí ara wọn, tí rọ́bà wá bò mọ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tó rò pé orí rọ́bà lòun wà, orí aṣọ ló wà. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Ó yí èkejì, ó yí ẹ̀kẹta.

Òwú ti àkọ́kọ́ nípọn, ó sì jìnnà síra bíi ti àpò sìmẹ́ǹtì. Ti èkejì fẹ́lẹ́ bí aṣọ ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Èérún ìgò á kàn gbà á kọjá ni. Ti ẹ̀kẹta fẹ́lẹ́, ó sì ṣù mọ́ra. Wọ́n tún tẹ́ ọ̀já aṣọ líle kan sábẹ́ ibi tó ń kan ilẹ̀. Rọ́bà òkè rẹ̀ kò rọ̀ jù. Ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ojú èékánná hàn, ó sì rọra parẹ́. Ó ká a, ó gbà. Ó tú u, ó na ara rẹ̀. Ó dijú, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

“Ṣé o fẹ́ rà á ni, àbí o fẹ́ fi ṣe ọkọ?”

“Mo ti ní ọkọ, Bàbá.”

“Ṣé òun náà dẹ̀ báyìí?”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Òun le bí èyí tí mo dá padà. Ṣùgbọ́n kò lu rí.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, ó jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, ó ń fi táyà tuntun náà sẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ọkọ rẹ̀ wà lórí àga pẹ̀lú ìwé ìròyìn. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń wà, láràárọ̀ ló sì máa ń yí ọkọ̀ náà ká, á máa tẹ táyà rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó jókòó sídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí eegun ti kán, kò fi ọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ yìí. Tó bá fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni ń kọjá lára ajá tó ti bù ú jẹ rí.

Obìnrin náà ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó fẹ́ ẹ títí ọwọ́ pọ́ǹpù ò fi lọ mọ́. Báyìí làwọn tí wọ́n jọ ń gùn ún ṣe ń ṣe é: kó le bí òkúta, kí kẹ̀kẹ́ lè sáré. Ó fi ìka ta táyà náà, ó dún bí agogo. Inú rẹ̀ dùn sí ìró náà. Ọkọ rẹ̀ gbójú sókè. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Ó ṣí ìwé ìròyìn sí ojú ewé mìíràn.

Òjò wínníwínní ló ń rọ̀ nígbà tó gbé e jáde lọ́jọ́ kejì. Títì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Aṣọ inú táyà náà ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá sọ́wọ́ rẹ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: yanrìn nìyí, oríta nìyí, ibí ni wọ́n ti lẹ títì. Òórùn búrẹ́dì bá a dé orí afárá. Ó rò pé òun ti ń rí kùrukùru adágún. Ó dé kọ́nà táńkì omi, ó tẹ kẹ̀kẹ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá sá lọ.

Ó na ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Bàtà rẹ̀ ha ilẹ̀ lọ gbọọrọ. Kẹ̀kẹ́ dúró, òun náà dúró, omi ń kán láti ara táńkì.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun alẹ́, ó sọ ọ́.

“Ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀ ní kọ́nà lónìí.”

“Ẹsẹ̀ nìkan?”

“Ẹsẹ̀ nìkan.”

“Ẹsẹ̀ kọ́ ni ìṣubú.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n táyà tuntun ni, aṣọ rẹ̀ sì dára. Mi ò mọ ohun tó ṣe é.” Ó ti àwo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Bóyá kí n kúkú gbé e kọ́ ara ògiri. Kì í ṣe dandan kí n dúró dìgbà tí màá tún ṣubú.”

Ohun tí ọkùnrin náà ti ń dúró dè láti ọdún tó kọjá nìyẹn. Ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò dùn bó ṣe rò pé yóò dùn. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀: ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀ pátá, kò lọ síbì kankan. Ó ṣàjèjì sí i. Ó dìde, ó lọ fọ àwo méjèèjì.

Láàárọ̀, òjò ń rọ̀ gidi. Obìnrin náà dùbúlẹ̀, ó ń gbọ́ ọ lórí páànù, kò sì dìde. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ní pálọ̀ ló bá a. Ó lóṣòó ti kẹ̀kẹ́ náà, àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí táyà.

“Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?”

“Wá fọwọ́ kàn án.”

Obìnrin náà lóṣòó tì í. Ó ti fi ìka ta táyà náà, ó ti gbọ́ ìró rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ rí bí ó ṣe ń tẹ aṣọ níbi iṣẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ báyìí.

“Ó gbẹ jù,” ló wí.

Ọkọ rẹ̀ wò ó. “Ó le jù.”

“Bákan náà ni.” Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí i. “Ẹ ti mọ̀.”

“Dírẹ́bà ni mí.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tó ti dún bí agogo. Àwọn ti àtijọ́ náà ń dún bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ ò sì sọ fún mi.”

Òjò ń rọ̀. Ọkùnrin náà ò gbójú kúrò lára táyà. “Mo rò pé ìbẹ̀rù ni yóò mú ọ jókòó, kì í ṣe ilẹ̀. Mo rò pé tí mo bá dákẹ́, yóò sú ọ, a ó sì jọ máa sùn di àárọ̀.” Ó fi àtàǹpàkò nu ara rọ́bà náà. “Èmi náà kì í sùn.”

Obìnrin náà wá ìbínú nínú ara rẹ̀. Ó rí i, kò kéré. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan de ọjọ́ mìíràn, nítorí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu táyà. Ó tẹ ẹnu náà, atẹ́gùn sì jáde fùùù, bí ẹni tó ti ń mí sínú láti ọdún tó kọjá.

“Tí ilẹ̀ bá gbẹ, jẹ́ kó le díẹ̀. Tí òjò bá ń rọ̀, jẹ́ kó jókòó sórí ilẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ wò.”

“Ó kù díẹ̀.”

Fùù.

“Ẹ dúró.” Àtàǹpàkò rẹ̀ dákẹ́ lórí rọ́bà náà. “Ó ti tó.”

Ó gbé kẹ̀kẹ́ jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ ló di ilẹ̀kùn mú fún un.

Títì ti di odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, iná ojú ọ̀nà sì ń fọ́ nínú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ń lọ geere. Kò lè yà á sọ́tọ̀ mọ́, èwo ni ariwo táyà, èwo ni ti òjò, èwo ni ti èémí ara rẹ̀. Afárá kọjá lábẹ́ rẹ̀. Kọ́nà yọjú. Ó tẹ̀, táyà náà sì tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó di ilẹ̀ mú bí ọwọ́ ọmọ ṣe ń di ìró ìyá rẹ̀ mú, ó mú un yí ìsàlẹ̀ táńkì omi kọjá, sí ìhà kejì níbi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó padà, ọkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ṣé ilẹ̀ yọ̀?”

“Ó yọ̀.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Èmi ò yọ̀.”

Ọkọ gba kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi àkísà nu táyà rẹ̀, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ níwájú ojú rẹ̀. Níbì kan, ó dúró. Ó fi orí èékánná yọ èérún ìgò kan jáde, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì tẹ ihò tó fi sílẹ̀ wò.

“Kò dé ara aṣọ,” ló wí.