Ìbàdí Ọmọ Ewúrẹ́ Lórí Pákó Alápatà

Ọjọ́ tí ọkọ mi alápatà kọ́ ọmọ wa ní ẹ̀kọ́ dókítà kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Rùkáyà ti kùnà ìdánwò egungun ìbàdí lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún kùnà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọn yóò lé e kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ó wá sí ìsọ̀ ẹran wa ní ọjà Artisan láàárọ̀, ojú rẹ̀ wú.

“Dádì, egungun kan ni mò ń rí. Kí ló dé tó fi ní orúkọ mẹ́ta?”

Bàbá rẹ̀, tí kò kàwé kọjá kéú, rẹ́rìn-ín. “Egungun àgbà lò ń wò, dókítà.”

Ó mú ìbàdí ọmọ ewúrẹ́, ó fi ọ̀bẹ gba ibi tó ṣì rọ̀, ló bá pín sí mẹ́ta.

“Èyí ló gòkè lọ sí ẹ̀gbẹ́. Èyí la fi ń jókòó. Èyí ló ń pàdé ẹnìkejì rẹ̀ níwájú. Ibi tí orí egungun itan ń wọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti so pọ̀. Bí ẹran bá dàgbà, wọ́n á di ọ̀kan.”

Rùkáyà tò wọ́n, ó tú wọn, ó tún wọn tò, kó tó lọ.

Nírọ̀lẹ́ ó padà dé. “Mo yege, Dádì. Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi, mo sì sọ fún wọn.”

Ọ̀bẹ tó ti mọ́ tónítóní ni ọkọ mi ń nù. Èmi dúró, mò ń wo ọ̀mọ̀wé tí mo fẹ́.