Ẹ Má Dáná Sun Eèsún Ọkọ Mi

Ó di gbére o, olówó orí mi! Ikú mú ẹni tó mọ nǹkan lọ, ó wá fi àwọn aláriwo sílẹ̀ fún mi.

Bàbá Àyọ̀ká, ọkùnrin gíga tí kì í gbóhùn sókè, olùkọ́ tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ewéko àti ẹranko títí irun fi funfun lórí rẹ̀, ọmọ akọ̀wé tó gbé Bíbélì àti kálàmù láti Àjàṣẹ́ wá sí Abidjan, ẹ ti lọ, ẹ ò sì dúró kí a parí ìjà wa. Èmi ìyàwó yín ni mò ń sọ̀rọ̀. Èmi fúnra mi ni mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ fún atẹ̀wé, nítorí ká ní ó gba ọwọ́ kọ́mítì ẹbí kọjá ni, wọn ì bá ti gé e. Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́. Ọmọ tí kò bá lè kà á, kó bi ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé ìsìnkú yìí lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo iwájú rẹ̀. Ẹyẹ tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọkọ mi yẹn, odídẹrẹ́ ni. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló yàn án, èyí tí mò ń fi orúkọ àdúgbò rẹ̀ pè ní Tántì Niangon, nítorí ìyàwó ilé kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn ẹyẹ, donc mo fi oiseau kan sí i. C'est joli, non?" Ó lẹ́wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò ní odídẹrẹ́ rí, kò sì fìgbà kan sọ̀rọ̀ odídẹrẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni o, tí wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan náà.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni ọkọ mi fẹ́ràn. Kì í ṣe èyí tó ń fi amọ̀ kọ́lé sábẹ́ òrùlé wa. Òmíràn ni, èyí tó máa ń ti ìlú òyìnbó dé nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí aró, tí ọ̀fun rẹ̀ pọ́n, tí ìrù rẹ̀ sì là sí méjì bí àlùmọ́gàjí. Olówó orí mi, ẹ máa ń sọ pé kò wúwo ju tòmátì kékeré kan lọ, síbẹ̀ ó ń ré òkun kọjá, ó ń ré aṣálẹ̀ kọjá, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Songon, lẹ́bàá Abidjan. Kì í kọ́lé níhìn-ín, kì í yé ẹyin. "Ọ̀hún ni wọ́n ti ń bímọ," ẹ̀yin lẹ máa ń wí bẹ́ẹ̀, "ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ." Ìyẹ́ ara wọn lẹ̀ ń pè láṣọ. Àtijọ́ ń já, tuntun ń hù, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má baà ṣàìlè fò. Kí òjò tó tún dé, wọ́n á ti múra tán láti padà. Lọ́sàn-án, wọ́n á tú ká sórí ọ̀sà, wọ́n á máa gba kòkòrò lófuurufú, wọ́n á máa fò, wọ́n á máa mu omi. Tí oòrùn bá ń wọ̀, wọ́n á kóra jọ sókè ilé wa, wọ́n á yí, wọ́n á yí, lẹ́yìn náà gbogbo wọn á já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà sínú eèsún, koríko gíga tó wà láàárín ilé wa àti ọ̀sà. Ibùsùn wọn nìyẹn.

Mo kórìíra wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níwájú pósí. Wọ́n ń yàgbẹ́ sórí aṣọ tí mo sá. Wọ́n bímọ sọ́hùn-ún, wọ́n wá ń dọ̀tí sọ́dọ̀ tèmi! Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọyẹ́, ẹ̀yìn yín nìkan ni mò ń rí, ẹ ti gbé awò tó ń fa ohun jíjìn súnmọ́ sójú, ẹ ò gbọ́ ìpè, ẹ ò gbọ́ oúnjẹ. Orogún ni mo ń pè wọ́n, ẹ̀rín lẹ sì máa ń fi mí rín. Mo bẹ̀ yín títí pé kí ẹ gé eèsún yẹn, pé ejò wà níbẹ̀. Ẹ ní, "A kì í lé àlejò lórí ẹní." Mo bínú, mo sì tún ń bínú.

Ṣùgbọ́n èmi lẹ bá jà. Kò kan ẹlòmíràn.

Àbúrò yín ọkùnrin, Bọ̀ọ̀dá Marcory tó ń ta sìmẹ́ǹtì, ojú rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀ eèsún náà tipẹ́. Nígbà tí ẹ wà láyé, kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ò tíì tutù tán tó fi pe kọ́mítì jọ tó ní, "Ìyàwó wa, les invités máa jókòó níbo? Ẹ jẹ́ ká sun koríko yẹn, ká ta bâche síbẹ̀ kí oòrùn má pa wọ́n. C'est pour l'honneur ti Ẹ̀gbọ́n." Mo ní àwọn ẹyẹ ń kọ́? Ó ní, "Ṣebí wọ́n ní apá? Wọ́n á lọ sábẹ́ òrùlé, níbi tí wọ́n ń kọ́lé sí." Áà! Gbogbo ohun tí ẹ fi ẹnu yín sọ létí ọkùnrin yìí, ọ̀kan ò wọ̀ ọ́ létí. Ẹ wá wo irú ẹ̀yẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún yín: kí wọ́n dáná sun ohun tí ẹ fi ayé yín ṣọ́, kí àlejò lè rí ibi gbé àga sí.

Wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ wá pẹ̀lú àdá àti kẹrosíìnì. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé opó kì í jáde títí a ó fi sin ọkọ rẹ̀. Mo dìde nínú yàrá, mo ká ẹní mi, mo gbé e lọ sí ẹnu eèsún, mo sì jókòó sórí rẹ̀ nínú aṣọ dúdú mi. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ dúró, ó bẹ̀ mí kí n dìde, ó ní, "La vieille, pardon, faut te lever." Mo dá a lóhùn pé ọkọ mi ò tíì wọ ilẹ̀, bí ó bá fẹ́ dáná, kó kọ́kọ́ dá a sí mi lára. Ta ló máa fọwọ́ kan opó? Wọ́n gbé kẹrosíìnì wọn, wọ́n lọ. Tántì Niangon fi igbe ta pé mo dójú ti ẹbí. Ó kàn ń sọ "la honte, la honte" títí ohùn rẹ̀ fi há. Tántì, odídẹrẹ́ yín wà lójú ìwé, ẹ bá a sọ ọ́.

Bọ̀ọ̀dá Marcory ti wá kó bâche àti ìkòkò àsè lọ sí ilé rẹ̀ ní Marcory. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin èrò, ọkọ̀ ń dúró dè yín lẹ́nu ibojì, ẹ lọ jẹun, ẹ lọ mu. Ẹ má wá mi níbẹ̀. Mo tún gbọ́ pé lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n á bá mi nílé.

Olówó orí mi, ọkùnrin tí kò purọ́ fún mi rí, èmi náà ò ní purọ́ fún yín. Mi ò ní fẹ́ràn àwọn ẹyẹ yín láéláé. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a bá gbé yín wọlẹ̀, tí wọ́n bá yí títí lókè ilé wa, tí ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n á bá eèsún níbi tí wọ́n fi í sí. Kò sẹ́ni tó máa jí wọn. Ẹ̀yin náà, ẹ sùn re o, ọkọ mi. Mo jókòó síbí, lẹ́nu eèsún.