Ọ̀gá Sinimá àti Ọkùnrin Inú Géèmù

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ọ̀gá Sinimá ládùúgbò, ọjọ́ tó yọ àwo kúrò lẹ́nu géèmù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rántí. Lọ́jọ́ náà, ó fa kọ́tìnì pálọ̀ dí lọ́sàn-án gangan, ó to àga ní ẹsẹẹsẹ, ó sì ránṣẹ́ pe ará àdúgbò pé kí wọ́n wá wo fíìmù. Géèmù tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ránṣẹ́ sí i ni o. Àmọ́ ẹni tó bá pè é ní géèmù níṣojú rẹ̀, ìjà lonítọ̀hún ń wá.

Géèmù yìí ní ìtàn nínú. Ọkùnrin kan ń wá ìyàwó rẹ̀ kiri ìlú tí ogun ti fọ́. Ẹni tó bá mú pádì, ìyẹn ohun ìdarí tí wọ́n ń fọwọ́ méjèèjì dì mú, òun ló ń sọ fún ọkùnrin náà pé kó yà sọ́tùn-ún tàbí kó yà sósì. Àwo méjì ni wọ́n kó ìtàn náà sí. Béèyàn bá gbá ti àkọ́kọ́ tán, á fi ìkejì rọ́pò.

Kí ohun tó ṣẹlẹ̀ tó lè yé èèyàn, ó yẹ kó mọ iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Ilé sinimá ló ti ṣiṣẹ́, nínú yàrá tóóró kan lókè àtẹ̀gùn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ojú ihò jáde lọ sára ògiri. Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀. Bí róòlù fíìmù tó wà lára ẹ̀rọ kan bá kù díẹ̀ kó tán, àmì róbótó kan á ṣẹ́jú ní igun òkè àwòrán. Àwọn tó jókòó nísàlẹ̀ kì í kíyè sí i. Ọ̀gá Sinimá nìkan ló ń ṣọ́ ọ. Kíá, á tan ẹ̀rọ kejì, fíìmù á máa lọ geerege, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ohunkóhun yí padà.

Ó dáa. Géèmù ń dùn lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọkùnrin inú rẹ̀ ti dórí afárá, ìbọn ń dún lọ́tùn-ún lósì, nọ́ọ̀sì tó ń gbé lódìkejì ọ̀nà ti di Ìyá Aránṣọ, ìyàwó Ọ̀gá Sinimá, lọ́wọ́ mú gírígírí. Ni nǹkan róbótó kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ní igun òkè tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀rọ, pé ó ń tọ́jú ibi tí wọ́n bá ìtàn dé. Ta ló ń kàwé? Àmì ni Ọ̀gá rí. Ó fò dìde bí ọmọ ogún ọdún, ó yọ àwo kìíní, ó ki èkejì bọ̀ ọ́, ó sì kọjú sí àwọn èèyàn tẹ̀ríntẹ̀rín bí ẹni tó ń retí àtẹ́wọ́.

Tẹlifíṣọ̀n ṣú dùdù. Inú òkùnkùn yẹn ni onígbàjámọ̀ àdúgbò ti fohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, “Ọ̀gá, ṣé ó ti parí ni?”

“Kò tíì parí,” ni Ọ̀gá wí, kò tilẹ̀ mira. “Ìsinmi ni. Ẹ lọ tọ̀.”

Ọ̀gá Sinimá ti kú báyìí. Ẹ̀rọ géèmù ṣì wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n níbi tó fi í sí, aṣọ tí Ìyá Aránṣọ rán fún un kí eruku má bàa bà á ṣì wà lórí rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ wọn pè láti ìlú tó ń gbé.

“Màmi, ọkọ̀ kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ọmọ ń béèrè géèmù Bàbá. Ẹ̀yin ò kúkú mọ̀ ọ́n gbá. Ṣé kí wọ́n bá mi gbé e?”

“Jẹ́ n rò ó ná.”

“Kí ló wá kù tí ẹ fẹ́ rò níbẹ̀, Màmi?”

Ohun tó kù níbẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń sọ lórí fóònù. Ọ̀gá ò gbá géèmù náà tán kó tó kú. Ọkùnrin inú rẹ̀ ṣì wà lórí ìdúró níwájú ilẹ̀kùn kan, níbi tí Ọ̀gá fi í sí, ó ń mí. Bí àwọn ọmọ bá gbé e, wọ́n á pa èyí tí bàbá wọn àgbà ṣe rẹ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn látìbẹ̀rẹ̀. Ìyá Aránṣọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ọmọ pé ọkọ òun ti lọ tán, ó wá ku ẹnì kan ṣoṣo tó ṣì ń ṣe ohun tí ọkọ òun ní kó ṣe.

Àríyànjiyàn Ọ̀gá pẹ̀lú onígbàjámọ̀ lórí bóyá géèmù ni tàbí fíìmù ò ní parí ká ní ikú ò dá sí i. Onígbàjámọ̀ á ní, “Ọ̀gá mi, géèmù ni nǹkan yìí. Fíìmù kì í bi èèyàn léèrè kó tó máa lọ.”

“Ohun tó fi dáa ju fíìmù lọ gan-an nìyẹn! Fíìmù kan wà tí mo fi han àwọn èèyàn títí róòlù ẹ̀ fi ń já lọ́wọ́ mi. Obìnrin kan á padà wọnú ilé tó ń jó, torí fọ́tò. Lálaalẹ́ ni mò ń pariwo mọ́ ọn lójú ihò yẹn, ‘Má wọ̀ ọ́! Fọ́tò lásán ni!’ Kò gbọ́ tèmi lọ́jọ́ kan rí. Lálaalẹ́ ló ń jóná. Ṣé o rí eléyìí? Ó ń gbọ́ràn. Tí mo bá ní kó dúró, á dúró.”

“Ẹ̀yin nìkan lẹ ń sọ pé kó dúró, Ọ̀gá. Àwa yòókù ń sọ pé kó sá!”

Òótọ́ ni onígbàjámọ̀ sọ. Ọ̀gá Sinimá ò jẹ́ kí ọkùnrin yẹn sáré. Ó ní ẹni tí kò mọ̀ bóyá ìyàwó òun ṣì wà láàyè, kì í fò kiri bí ọmọ ẹran. Jẹ́jẹ́ ló ń mú un rìn. Bí wọ́n bá dé ibi tí oòrùn ti ń wọ̀, á dá a dúró, á ní kí gbogbo ilé wo ojú ọ̀run dáadáa, pé ẹnì kan ló fara balẹ̀ kun ún. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀tá máa ń yìnbọn lu ọkùnrin náà lẹ́yìn. Ó kú, ó jí. Ó tún rìn jẹ́jẹ́, ó tún kú, ó tún jí. Nọ́ọ̀sì mi orí títí, ó ní látìgbà tóun ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, òun ò tíì rí aláìsàn tó lórí kunkun tó báyìí.

Ọjọ́ kan tún wà tí ọkùnrin inú géèmù fara pa mọ́ sẹ́yìn ògiri, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń sọ pé ara ìyá òun ò yá, pé òun ò rí ààyè lọ wò ó. Onígbàjámọ̀ ò lè mú un mọ́ra.

“Yìnbọn, Ọ̀gá! Wọn ò rí yín!”

“Kí n yìn ín fún kí ni? O ò gbọ́ pé ìyá ẹ̀ ń ṣàìsàn?”

Ó tẹ́tí títí ọ̀rọ̀ wọn fi tán. Géèmù sì ni, bí ọ̀rọ̀ ṣe tán ni àwọn ẹ̀ṣọ́ tún bẹ̀rẹ̀ látorí, ìyá tún ń ṣàìsàn, ọmọ tún ń kábàámọ̀. Ọ̀gá yíjú sí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú. Ẹni tó wà lókè ti sùn lọ, róòlù àná ló tún gbé sí i.”

Ìyá Aránṣọ máa ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ti ń rẹ́rìn-ín. Sinimá ti fojú rẹ̀ rí nǹkan. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe ìlara rẹ̀ pé ó ń wo fíìmù láìsanwó. Wọn ò mọ̀ pé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń fi fíìmù hàn kì í rí ọkọ jókòó tì. Lọ́kọláya làwọn yòókù ń wọlé, òun nìkan á jókòó sáàárín àwọn tí kò mọ̀ rí, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí itan ara rẹ̀. Nígbà míì, bí ìtàn bá dùn débi tí gbogbo ilé fi ń pariwo, á bojú wẹ̀yìn wo òkè, bóyá ojú àwọn méjèèjì á ṣe mẹ́rin. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló máa ń rí, á ta á lójú, á sì yíjú padà.

Ó wá yé e níkẹyìn, nígbà tí géèmù ti dé, pé ọ̀dọ̀ ọkọ òun gan-an ni ìdánìkanwà pọ̀ sí jù. Ó bi í lọ́jọ́ kan ìdí tí kò fi ṣí ilẹ̀kùn tó dá ọkùnrin inú géèmù dúró síwájú rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wọlé kí wọ́n mọ̀ bóyá ìyàwó wà níbẹ̀.

“Tí ó bá wà níbẹ̀, fíìmù ti parí nìyẹn,” ló wí. “Ṣé o mọ bó ṣe máa ń rí lókè tí fíìmù bá parí? Wọ́n á tanná, kálukú á gbá àga sẹ́yìn, wọ́n á máa lọ sílé ní méjì méjì. Èmi nìkan á jókòó sókè, màá máa ká róòlù. Jẹ́ kí wọ́n ṣì máa wá.”

Wọ́n sì ń wá lóòótọ́, títí ó fi kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n tún wá díẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò tàn, wọ́n ní kí ìyàwó rẹ̀ ṣọkàn gírí. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ilé wá dákẹ́ débi pé Ìyá Aránṣọ máa ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí kò sáṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, kí nǹkan kan ṣáà máa dún.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, kí ọkọ̀ tó dé, ó ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ géèmù. Kò ní in lọ́kàn láti gbá géèmù. Ó kàn ní kóun wo ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan sí i kóun tó dágbére fún un ni. Ó tan án. Ọkùnrin yẹn rèé níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí pálọ̀, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ìyá Aránṣọ mú pádì. Ó wúwo ju bó ṣe rò lọ. Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣèèṣì kan nǹkan kan, ni gbogbo àwòrán bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, ògiri kọjá, fèrèsé kọjá, títí ojú ọkùnrin náà fi yọ.

Látọjọ́ tí géèmù ti wọ ilé náà, kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀ báyìí rí. Kò jọ Ọ̀gá rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, irùngbọ̀n rẹ̀ rí wúruwùru, ẹ̀rù sì ń bà á gidigidi.

“Háà,” ni Ìyá Aránṣọ wí. “Wọ́n dá ọ dúró, wọ́n wá fi ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀.”

Ó pẹ́ díẹ̀ tó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló wá bọ́tìnnì kiri. Ó mú un fò níbi tí kò sí ohun tí wọ́n ń fò, ó mú un forí gbá ògiri, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, kó tó wá rí èyí tó ń ṣílẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí. Kò sí ìyàwó níbẹ̀. Kò sí ọ̀tá. Àtẹ̀gùn ni, ó ṣe kọ́lọkọ̀lọ lọ sókè, a ò rí ibi tó parí sí.

Ẹ̀rín pa á. Ó rín in débi tó fi etí ìró nu ojú. “Ọ̀gá! Àtẹ̀gùn lẹ ń sá fún láti ọjọ́ yìí? Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín gun àtẹ̀gùn?” Ó ń bá a wí lọ, ó ní ó máa ń ṣe báyìí, pé bó ṣe fẹ́ràn ariwo tó, ojo ni.

Fóònù dún. Ọmọ rẹ̀ ni. “Màmi, awakọ̀ ti wà ní títì yín. Ṣé kó wọlé?”

“Sọ fún un pé kó máa lọ.”

“Kí ni kí n wá sọ fún àwọn ọmọ?”

Ìyá Aránṣọ ti gbé fóònù há àárín etí àti èjìká, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára pádì.

“Sọ fún wọn pé mò ń gun òkè lọ bá bàbá wọn àgbà níbi iṣẹ́,” ló wí. “Mi ò débẹ̀ rí.”